Ẹ Má Kí Ẹni Tó Jókòó

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará oko, ẹ̀yin tí ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu arúgbó ọdẹ, mo kí yín. Òjò ti lé yín kúrò lóko, ó sì ti lé èmi náà kúrò nígbó, nítorí náà kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí mú kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ sún mọ́ mi lábẹ́ abà iwájú ilé mi yìí. Ẹni tí etí rẹ̀ bá di, kí ó fi ọmọ ìka ro ó. Ẹni tí ó bá ní ikọ́, kí ó wú u tán báyìí, torí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Èmi ni Ọdẹ́rìndé, ẹni tí àmọ̀tẹ́kùn rí tí ó yà lọ́nà fún bí ìyàwó tuntun ṣe ń yà fún àna rẹ̀. Mo ti bá iwin jẹun nínú àwo kan náà, èmi ni mo sì jẹ ẹran inú rẹ̀. Igbó tí mo ti wọ̀ pọ̀ ju ẹ̀wù tí Lámọńdí ní lọ. Lámọńdí sì rèé, ẹ wo ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ kí ẹ mọ̀ pé n kò purọ́. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bí ó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnìkan jẹ. Àmọ́ èmi ń fún yín jẹ lónìí, torí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo jù fún èmi nìkan.

Ìrìn tí mo fẹ́ sọ yìí, èmi àti ìyàwó mi la jọ rìn ín. Ẹ̀yin mọ Àwẹ̀ró, ìyá Àjíkẹ́. Nígbà tí Àjíkẹ́ ọmọ wa lọ sílé ọkọ, ilé wa dákẹ́ rọ́rọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń nu ìbọn mi lọ́wọ́, ni Àwẹ̀ró bá wá dúró níwájú mi, ó ká ọwọ́ mọ́ra.

Ó ní, "Baba Àjíkẹ́, láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, ẹ̀yin lẹ ń lọ, èmi ni mò ń dúró. Ẹ ó padà dé, ẹ ó ní ẹ rí iwin, ẹ ó ní ẹ rí òkè tó ń sọ̀rọ̀, èmi ó sì ní ẹ kú ewu. Ṣé ojú tèmi kì í ṣe ojú tí í rí nǹkan ni?"

Mo ní, "Ojú rẹ kò ní àbùkù, Àwẹ̀ró. Ẹsẹ̀ rẹ ni n kò mọ̀."

Ó ní, "Ẹsẹ̀ tí mo fi ń pọn omi tí ẹ fi ń wẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá ni."

Ọ̀gbẹ́ni kan tí ó ti bá ọkọ̀ ojú omi ṣiṣẹ́ rí ló ti sọ fún Àwẹ̀ró nípa àwọn Òkè Áńdíìsì. Wọ́n nà gbọọrọ lórí ilẹ̀ ìwọ̀ oòrùn bí eegun ẹ̀yìn màlúù tó rù, yìnyín kì í yọ́ lórí wọn, ojú ọ̀run sì sún mọ́ orí wọn débi pé àṣá pàápàá ń fò níbẹ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ibẹ̀ ni Àwẹ̀ró ní kí n mú òun lọ, kì í ṣe kí á lọ wá ohunkóhun, kí á ṣáà jọ rìn kí òun fi ojú ara òun rí ayé. Mo gbà fún un. A ran àpò awọ ńlá kan fún olúkúlùkù, èyí tí a lè gbé kọ́ ẹ̀yìn. Àwẹ̀ró di gààrí, ó di ata gbígbẹ, ó di iyọ̀ àti aṣọ òfì tó nípọn. Èmi di oògùn mi, mo sì gbé ìbọn kọ́ èjìká. Bí a ṣe la òkun kọjá, ẹ má bi mí. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ti òkun, kí ó lọ bá apẹja.

Ní ìsàlẹ̀ àwọn òkè náà, a bá ìyá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Sáyíwa. Ó dé fìlà, ó di irun rẹ̀ ní ìdì méjì tó gùn dé ìbàdí, ó sì ń jẹ ewé kan lẹ́nu bí ẹni ń jẹ obì. Èdè rẹ̀ kì í ṣe tiwa, àmọ́ ilẹ̀ ìyanu la wà, bí ó ti ń sọ ọ́ ló ń yé wa. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ kí i. Màmá Sáyíwa wo orúnkún rẹ̀ tó kan ilẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà.

Ó bi mí pé, "Ṣé báyìí ló ṣe ń kí gbogbo ènìyàn?"

Mo ní, "Gbogbo àgbà pátápátá. Ilé rere ni wọ́n ti kọ́ ọ."

Màmá Sáyíwa mi orí bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn àìsàn. Ó ní, "Ẹ gbọ́, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹni tí ẹ bá bá lójú ọ̀nà tí ó ń rìn, ẹ kí i. Ẹni tí ó bá dúró, ẹ kí i. Àmọ́ lórí òkè tó ga jù yẹn, níbi tí ẹ óò ti kọjá sí òdìkejì, ẹ óò rí àwọn kan tó jókòó. Ẹ má kí wọn. Òkú àtijọ́ ni wọ́n, òtútù kò jẹ́ kí wọ́n jẹrà, ìdánìkanwà kò sì jẹ́ kí wọ́n sùn. Ẹni tí ó bá kí wọn, ó ti gbà pé àgbà ilé òun ni wọ́n, ọmọ kì í sì í fi àgbà ilé rẹ̀ sílẹ̀ lọ. Yóò jókòó tì wọ́n títí ayé."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti bá ejò olórí méjì du ihò, kí á ní kí n má kí ènìyàn, ṣé iṣẹ́ nìyẹn? Mo ní, "Màmá, ohun tó rọrùn jù láyé lẹ sọ yẹn."

Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ wà níhìn-ín, ẹ fi ọwọ́ lé àyà yín kí ẹ dáhùn. Ta ni nínú yín tí ó lè kọjá lójú àgbà tó jókòó, kí ó má ní "Ẹ kú ìjókòó"? Ẹnu yín á ti sọ ọ́ kí ọkàn yín tó mọ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti fi pàṣán kọ́ wa. Àwẹ̀ró kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó gba ewé tí Màmá Sáyíwa fún wa pé kí á máa jẹ nítorí èémí, ó sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí a ti bẹ̀rẹ̀ sí gòkè.

Bí a ti ń gòkè ni èémí ń kúrú. Mo kọ́kọ́ rò pé ọjọ́ orí ni. Ìgbà tí a yọ sí ẹ̀gbẹ́ àpáta kan ni mo rí ẹni tó ń kó èémí wa. Ebora ni, Afèémíjẹun lorúkọ rẹ̀. Ó dúró gbọnrangandan sí àárín ọ̀nà, ara rẹ̀ tín-ín-rín bí igi ẹ̀gẹ́, àmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì tóbi ju àká àgbàdo lọ. Bí ó bá fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà wọlé, èémí á fò kúrò láyà ènìyàn. Mo ní kí n pe ọfọ̀ sí i, ọfọ̀ tí mo fi lé egbére mẹ́fà wọ odò. Mo la ẹnu, mo ní "Ìwọ...", kò tún sí èémí tí n ó fi sọ ìyókù. Ọkùnrin tí kò ní èémí, kò ní ọfọ̀. Mo ṣubú lulẹ̀, ojú mi ṣókùnkùn.

Lámọńdí, o ń rẹ́rìn-ín. Ì bá jẹ́ ìwọ ni, o ò bá ti kú kí ó tó fà á lẹ́ẹ̀kejì.

Afèémíjẹun ní, "Ohun kan wà tí ènìyàn ń rù láti ọjọ́ ìbí. Kò wúwo. Kò ní osùká. Àmọ́ bí ó bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pẹ́nrẹ́n, gbogbo ọmọ aráyé kò lè bá a gbé e rù mọ́. Kí ni? Ẹ dáhùn, kí n jẹ́ kí ẹ kọjá."

Èmi ń ronú nípa adé, mo ń ronú nípa orúkọ rere, bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ mi ń kú lọ. Àwẹ̀ró tí ó ti ń fi ìwọ̀nba èémí pamọ́ láti ìsàlẹ̀ ló dáhùn. Ó ní, "Èémí ni."

Ebora náà tú èémí wa sílẹ̀, ó sì yà fún wa. Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin, ó ní, "Ìyàwó rẹ gbọ́n jù ọ́ lọ." Inú bí mi, n kò fi pamọ́ fún yín. Àmọ́ ohun tí ó sọ tẹ̀lé e ni kò jẹ́ kí n lè bínú pẹ́. Ó ní, "Ẹ máa lọ. N kò tilẹ̀ ní fi èémí yín ṣe wàhálà mọ́. Àwọn tó wà lókè yóò gbà á lọ́wọ́ yín pẹ̀lú ẹ̀rín." Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ọ̀gbun kan la kọjá lẹ́yìn náà, lórí afárá tí wọ́n fi koríko lọ́, kò sí igi, kò sí irin nínú rẹ̀. Odò tó wà nísàlẹ̀ jìnnà débi pé a kò gbọ́ ariwo rẹ̀. Ní òdìkejì ni a bá ìlú kan tí kò sí àga nínú rẹ̀. Kò sí àpótí, kò sí ẹní, kò sí pèpéle lẹ́nu ilé kankan. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń dúró jẹun. Wọ́n ń dúró wun aṣọ láti ara irun ẹran kan tó jọ ràkúnmí kékeré tí kò ní iké. Ìyá ń dúró fún ọmọ lọ́mú. Bí oorun bá dé, wọn á fi okùn so àyà wọn mọ́ ògiri, wọn á sì sùn ní òòró bí igi. Mo ti rí ìlú tí àwọn ará rẹ̀ ń fi orí rìn, n kò bẹ̀rù wọn. Ìlú yìí bà mí lẹ́rù.

Olórí wọn, Wámàn, fún wa ní ànàmọ́ gbígbẹ àti omi gbígbóná. Bí a ti ń jẹun lórí ìdúró, wọ́n mú bàbá arúgbó kan jáde nínú aṣọ titun, àwọn ọmọ rẹ̀ dì í mú lápá, wọ́n kọjú sí òkè ńlá yẹn. Kò sí ẹni tó ń sunkún, kò sí ẹni tó ń kọrin.

Mo ní, "Níbo ni bàbá ń lọ?"

Wámàn ní, "Bàbá tó bí mi ni. Orúnkún rẹ̀ kò gbé e mọ́, láàárọ̀ yìí ó gbàgbé ara rẹ̀, ó jókòó. Ẹni tó bá jókòó níbi tí òjìji òkè yẹn dé, tiwọn ló ti dà. Ó ń lọ bá wọn." Ó yíjú sí Àwẹ̀ró tí ó ti kúnlẹ̀ láti kí bàbá náà bí ó ti ń lọ. Ó ní, "Ọdẹ, obìnrin tí orúnkún rẹ̀ yá tó báyìí kò yẹ kó gba ọ̀nà yẹn. Ẹ padà sẹ́yìn."

Mo wo ẹ̀yìn wa. Afèémíjẹun wà níbẹ̀, afárá koríko wà níbẹ̀. Àwẹ̀ró ní, "Baba Àjíkẹ́, a ti rìn dé ìdajì. N ó pa ẹnu mi mọ́."

Mo ní, "Ṣé kí n fi gèlè dì í fún ọ?"

Ó ní, "Ṣé ewúrẹ́ tí ẹ ń gbé lọ sọ́jà ni mí ni?" A rẹ́rìn-ín, èmi àti òun. Ẹ̀rín ìkẹyìn tí a rín lórí òkè yẹn nìyẹn.

A gun orí rẹ̀ dé ní ọ̀sán gangan, oòrùn mọ́lẹ̀ kedere, síbẹ̀ kò gbóná. Yìnyín bo gbogbo ilẹ̀. Wọ́n wà níbẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì ọ̀nà, wọ́n jókòó, wọ́n ká orúnkún mọ́ àyà, aṣọ aláràbarà bò wọ́n dé ọrùn. Wọn kò jẹrà rárá. Ìpéǹpéjú wọn wà níbẹ̀, eékánná wọn wà níbẹ̀. Ojú wọn sì ń tẹ̀lé wa. Mo rí bàbá Wámàn ní ìparí ìlà kan, yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo tẹjú mọ́ ilẹ̀, mo ń rìn níwájú, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró lẹ́yìn mi. Ẹsẹ̀ náà ń fà. Bí ó bá ti kọjá lójú àgbà kan, orúnkún rẹ̀ á fẹ́ tẹ̀, á sì fi ipá nà án.

A fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá wọn tán. Mo ti ń rí ìsọ̀kalẹ̀ òdìkejì, mo ti ń rí ewéko tútù nísàlẹ̀. Ìyá kan ló kù, òun ló jókòó ṣìkẹyìn, ó kéré, fìlà rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òun ló sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò le. Ó ní, "Ọmọ ta nìyí, tí ó ń kọjá lójú àgbà bí ewúrẹ́?"

Àwẹ̀ró fi eyín di ètè mú, ó gbé ẹsẹ̀ kan sí i.

Ìyá náà mí kanlẹ̀, ó ní, "Ó ṣe o. A jẹ́ pé ìyá tó bí i kò kọ́ ọ. Kò rí ìyá tó gbẹ̀kọ́, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀."

Ẹ̀yin ènìyàn, ìyá Àwẹ̀ró ti kú. Obìnrin náà kò ní oko, kò ní ilé, ẹ̀kọ́ nìkan ló fi sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Kí á bú Àwẹ̀ró, ó lè gbà á mọ́ra. Kí á bú ìyá rẹ̀ nínú ibojì, kò sí ohun tí ó burú jù ú lọ. Kí n tó yíjú padà, ó ti kúnlẹ̀ sínú yìnyín. Ó ní, "Ẹ kú ìjókòó o, ìyá. Ẹ má bínú. Wọ́n kọ́ mi nílé."

Gbogbo wọn jọ mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbọ́ ọ. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Káàbọ̀, ọmọ mi. Jókòó." Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì sún díẹ̀ láti ṣe àyè.

Mo fò dé ibẹ̀, mo dì í lápá, mo fà á. Apá tí mo fi ń wọ́ ẹfọ̀n bọ̀ wálé kò lè gbé e kúrò nílẹ̀. Mo yin ìbọn, ọta rẹ̀ já sínú yìnyín lẹ́sẹ̀ mi bí ọsàn tó rà. Mo pe ọfọ̀, mo sì ní èémí lọ́tẹ̀ yìí, ọfọ̀ kò ṣiṣẹ́. Báwo ni yóò ṣe ṣiṣẹ́? Wọn kò jí i gbé. Òun ló kí wọn, wọ́n sì dáhùn. Àwọ̀ aṣọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣí láti ìsàlẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Baba Àjíkẹ́, ẹ má fà mí mọ́. Ara ti ń tù mí."

Ìgbà náà ni mo sunkún. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi ọdẹ tó ń sunkún rẹ́rìn-ín, kí ó rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn obìnrin yìí, n kò sì tíì sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan rí. Mo sọ ọ́ fún un lórí òkè yẹn, bóyá etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́ n kò mọ̀. Àmọ́ bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Mo wo ìyá onífìlà wíwọ́ yẹn, mo rí i pé ẹ̀kọ́ ló fi mú ìyàwó mi. Ohun tí ó fi mú un náà ni ó yẹ kí n fi gbà á.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní, "Ìyá, ẹ ṣé tí ẹ gba àlejò. Ọmọ yín ti kí yín, ẹ ti dá a lóhùn, ó sì ti ń fẹ́ máa lọ. Ẹ wá sìn ín sọ́nà."

Ó ní, "Kò lọ síbì kan."

Mo ní, "A! Níbo ni ẹ ti rí i kí àgbà gba àlejò, kí ó jókòó gẹlẹtẹ, kí ó má sìn ín dé ojú ọ̀nà? Ọmọ wá kí yín láti òdìkejì òkun, ẹ kò lè bá a rin ìrìn díẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ń bú ìyá onìyá pé kò kọ́ ọmọ, ìyá tiyín ńkọ́? Kí ni ó kọ́ yín?"

Ojú gbogbo àwọn tó jókòó kúrò lára wa, ó lọ sára rẹ̀. Ìtìjú kì í kú sára àgbà, bí ó ti wù kí òtútù mú tó. Mo rí i tí ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Mo gbọ́ tí eegun rẹ̀ ń dún wọ̀ǹwọ̀n. Ìyá náà dìde dúró. Bí ó ti dìde, Àwẹ̀ró fò sókè bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, àwọ̀ sì padà sára aṣọ rẹ̀.

A bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀kalẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyá náà di Àwẹ̀ró lọ́wọ́ mú. Àkọ́kọ́, ó ń rìn bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹsẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ kan koríko, ó gbóòórùn ìka rẹ̀. Ó ní, "Mo ti rántí orúkọ mi. Kílà ni wọ́n ń pè mí. Mo bí ọmọbìnrin kan." Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì dì lójú ẹsẹ̀. Ṣé ẹ rò pé kò ṣe mí láàánú? Ó ṣe mí láàánú. Àmọ́ n kò gbójú kúrò lára ọwọ́ rẹ̀ tó di ìyàwó mi mú.

Ní ibi tí yìnyín parí sí, ó dúró. Ó bojú wẹ̀yìn, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Yìnyín ti ń dí ìjókòó mi. Bí n kò bá tètè padà, n kò ní ibẹ̀ mọ́, ibi tí mo bá sì jókòó sí láyé ni yóò di irú ibẹ̀. Ẹni tó bá wà ní ìjókòó lọ́dọ̀ mi níbẹ̀ kò ní dìde mọ́." Ó wo òkè gíga tí a ti sọ̀ kalẹ̀, ara rẹ̀ gbọ̀n. Ó wá wo Àwẹ̀ró, ó ní, "Ọmọ mi, mo ti sìn yín. Ta ni yóò sin èmi padà?"

Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tí Àwẹ̀ró sọ. Ó ní, "N ó sìn yín dé ìdajì, ìyá." Ó sì ti yí ẹsẹ̀ padà.

N kò ronú. Mo tú àpò ẹ̀yìn mi, mo jù ú sínú ọ̀gbun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú oògùn inú rẹ̀, mo ju ìbọn tẹ̀lé e. Mo já Àwẹ̀ró gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo pọ̀n ọ́n, mo fi okùn àpò tirẹ̀ so ó mọ́ ara mi bí ìyá ṣe ń so ọmọ, mo sì sáré. Ó ń lù mí lẹ́yìn, ó ní, "Baba Àjíkẹ́, àgbàlagbà ni! Ẹ kò kí i! Ẹ kò dágbére fún un!" Mo ń sáré. Ìyá Kílà kọ́kọ́ ń bú wa. Nígbà tó ṣe, ó dẹ́kun èébú, ó bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀ wá. Ó ní, "Ẹ má fi mí sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọmọ mi, ẹ̀rù ń bà mí." N kò dáhùn, n kò wẹ̀yìn.

Lámọńdí, kí ni ǹ bá tún ti ṣe? Kò sí nǹkan mìíràn. Bí ó bá di ọ̀la, n ó tún un ṣe. Ìyàwó mi ni mo gbé, mo sì gbé e délé.

Àmọ́ Àwẹ̀ró kò bá mi sọ̀rọ̀ títí tí a fi rí òrùlé ilé yìí. Ẹnu ọ̀nà yẹn ló ti sọ ọ́. Ó ní, "Ẹ mú un dìde, ẹ gba ìjókòó rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kò tilẹ̀ ní kí ó padà." Ẹ̀yin mọ àṣà wa. Ẹni tó bá ń sin àlejò kì í padà títí àlejò yóò fi ní, "Ẹ padà, ó tó." N kò sọ ọ́, ó sì ti pẹ́ jù báyìí, yìnyín ti dí ìjókòó rẹ̀. Ìyá náà ṣì ń sìn wá bọ̀.

Àwọn apẹja etí òkun ló kọ́kọ́ rí i. Wọ́n ní yìnyín rọ̀ sínú ọkọ̀ àwọn, ìyá kékeré onífìlà kan sì dúró sáàárín ọkọ̀, ó kọ̀ láti jókòó. Lẹ́yìn náà, àwọn oníṣòwò rí i lójú ọ̀nà, ó ń béèrè ilé ọmọ tó kí òun. Lánàá, ọdẹ kan láti abúlé tó múlé tì wá sọ fún mi pé omi inú agbè òun dì gbagidi ní ọ̀sán. Mo sọ fún Àwẹ̀ró. Ó ní, "Bí ó bá dé, ó ti rẹ̀ ẹ́. A ó fún un ní àga." Láti ìgbà náà ni ó ti ń gbé àpótí sí ẹnu ọ̀nà, èmi sì ń gbé e wọlé. Ìdí tí mo fi pè yín jọ nìyí, pé bí ẹ bá rí i, kí ẹnu yín má sọ fún un pé kí ó jókòó.

Òjò ti dá. Kí ló dé tí ẹ ń gbọ̀n? Ṣé èémí ẹnu yín ni mò ń rí bí èéfín yìí?

Àwẹ̀ró! Gbé àpótí yẹn wọlé. Àwẹ̀ró o!

Kò dá mi lóhùn. Ó ti kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí títì, ó ń sọ pé, "Ẹ káàbọ̀, ìyá. Ẹ kú ìrìn." Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ dìde. Kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni ní ìjókòó. Lámọńdí, fa ìyá rẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ sókè. Ẹ dìde, gbogbo yín, ẹ dìde!